Bírò Pupa Tísà Vasemaca

Tísà Vasemaca kì í wo eré lásán, máàkì ló máa ń fún un. Ọdún méjìdínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé tí abúlé rẹ̀ àti ti òdìkejì odò jọ ń lò ní Fíjì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni tí yóò máa fi bírò pupa bá wí mọ́, àfi tẹlifíṣàn. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó fa ìlà sí etí rẹ̀, iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti àwọn àna méjì kan tó ń ta epo bẹntiróòlù. "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá," ló kọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. "Ọkùnrin yìí ti kọsẹ̀ lára agbá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Kí ló dé tí kò gbé e kúrò lọ́nà? Àwọn wo tilẹ̀ ló ń fara pamọ́ sẹ́yìn eré rẹ́rìn-ín yẹn? Kí wọ́n jáde ká rí wọn!"

Ti Ọjọ́bọ̀ ló wá ń mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Adájọ́ obìnrin kan ni, tó bímọ nígbà ọ̀dọ́ tó sì gbé e fún ẹlòmíràn tọ́. Wọ́n ti gbé ọmọ ọ̀hún wá síwájú rẹ̀ báyìí pé ó jalè, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ni. "Méjì nínú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá tí ọmọ yìí ti ń dúró níwájú rẹ̀ rèé. Àmì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ náà lọ́rùn tó àwo ọbẹ̀. Obìnrin tó ka gbogbo ìwé òfin tán, kò rí ọrùn ọmọ rẹ̀ kà!"

Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ ìlà kan sí Taniela, ọkọ rẹ̀. Taniela kò rí ìparí eré kankan rí, oorun ní í gbé e lọ. Tó bá di àárọ̀, nídìí tíì àti gbágùúdá, ìyàwó á sọ ibi tí eré dé fún un. Eré adájọ́ yìí ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kó tó kú lọ́dún tó kọjá, Vasemaca sì ṣèlérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀ pé òun á sọ bó ṣe parí fún un. Látìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tó ń yà kí i tẹ́lẹ̀ kan ìlẹ̀kùn títí, ó sú wọn.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí eré náà parí tí Inoke fi wakọ̀ ojú omi dé láti òdìkejì odò, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì.

"Tísà olójú ẹja! O ṣì wà láyé?"

"Mo wà níbí, olórí ẹlẹ́dẹ̀. Kí lo wá jí?"

Tauvu ni abúlé méjèèjì. Òrìṣà kan náà làwọn baba ńlá wọn bọ, nítorí náà wọ́n lè bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì lè wọ ilé ara wọn kó ohun tó wù wọ́n. Ẹni tí wọ́n kó nǹkan rẹ̀ kò gbọdọ̀ fajú ro.

Inoke wò yí ilé ká. "Ẹ gbé tẹlifíṣàn yẹn."

"Inoke! Ọjọ́bọ̀ yìí ni yóò parí!"

"Mo gbọ́. Ó ti tó ọdún kan tá a ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Tó o bá fẹ́ wò ó, o mọlé mi."

Vasemaca payín keke, ó rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ tún po tíì fún wọn! Ìgbà tí ọkọ̀ wọn dé àárín odò ló tó rántí pé ìwé òun wà nínú aṣọ tí wọ́n fi bo tẹlifíṣàn náà. Ó bú Inoke fún ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ní òun ò ní lọ. Àmọ́ ìlérí tó ṣe fún Taniela kò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sọdá.

Ilé Inoke kún fọ́fọ́, igbá yaqona, omi gbòǹgbò tí wọ́n máa ń mu, wà láàárín àwọn ọkùnrin lórí ẹní. Bó ṣe wọlé, gbogbo wọn kọjú sí i. Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń wò kì í wòran, ṣùgbọ́n ìran ló bá wá, ó bá jókòó.

"Tísà," ni Losalini, tó ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wí, "àmì ọrùn yẹn ò tó àwo ọbẹ̀ o. Ó tó ìsàlẹ̀ ife tíì."

Vasemaca yíjú sí Inoke. "Ẹ ti ka ìwé mi!"

"Gbogbo alẹ́ la fi ń kà á," ni Inoke fèsì. "Ó dùn ju eré lọ."

Ojú tì í, inú bí i, àmọ́ eré ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo wọn kò jẹ́ kó gbọ́ràn dáadáa. "Ẹ panu mọ́!" ló pariwo bíi ti kíláàsì, gbogbo ilé sì dákẹ́ wẹ́lo. Nígbà tó yá, ọmọ náà tẹrí ba, adájọ́ rí ọrùn rẹ̀. Ó dìde. Ó la ẹnu.

Orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré sì ń kọjá. Ó parí.

"Ó tán?" Vasemaca ti dìde dúró. "Ọdún méjì! Ẹnu lásán ló là?"

Ilé dàrú. Losalini ju ìrọ̀rí mọ́ tẹlifíṣàn. Àwọn tó ń mu yaqona gbé igbá sílẹ̀ láti ṣépè fún ẹni tó kọ eré náà.

"Tísà, ó gba mélòó?"

"Òdo!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní oókan nítorí orin," ni Losalini ń bẹ̀bẹ̀.

"Orin wo? Òdo ni mo wí!"

Inoke gbé ìwé náà wá fún un tòun ti bírò pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí, kò sì sí èébú kankan níbẹ̀. "Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, a ò kà wọ́n síta."

Vasemaca gbà á. Ó ṣí ìwé, ó kọ òdo ràgàjì. Lẹ́yìn náà ló fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ó parí, Taniela. Ìwọ tó ń sùn lo gbọ́n jù wá lọ."

"Ṣé ká gbé tẹlifíṣàn rẹ padà lọ́la?" ni Inoke bi í.

Kò gbójú sókè. "Fi í síbẹ̀, olórí ẹlẹ́dẹ̀. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbi tí mo wà yìí."