Bí Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Ṣe Parí Fíìmù Íńdíà

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà, wọ́n yí gba Kàdúná, wọ́n sì wá bá wa ní Enugu láti máa wẹ ọmọ. Akọ̀wé rélùwéè ni ọkọ mi, yàrá méjì la sì ń gbé ní àdúgbò Ogui.

Ìyá gba ọmọ tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi ni wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti mú. Enugu ni mo dàgbà sí, Ìgbò àti pijin ló yá mi lẹ́nu, Yorùbá mi sì máa ń kọsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, mo fẹ́ bi wọ́n bóyá wọn yóò mu ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kò fi ṣe ẹ̀gàn, àmọ́ ojú tì mí. Láti ìgbà náà, "bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá" àti "ẹ ṣé, Ìyá" nìkan ló kù lẹ́nu mi. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ìyàwó rẹ níwà, ṣùgbọ́n kì í báni tàkúrọ̀sọ. Ṣe ni mo dà bí ẹni tó ń bá ògiri gbélé."

Ọkọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù Íńdíà fún ọ̀sán Sátidé, kí gbogbo wa lè jọ jáde. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é síbi iṣẹ́. Ó ní kí àwa méjèèjì máa lọ. Mo gbé ọmọ pọ̀n, a lọ.

Ilé sinimá kún fọ́fọ́. Àwọn awakùsà pọ̀ níbẹ̀, àti àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣòwò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Íńdíà nínú wa, wọn kò sì kọ Gẹ̀ẹ́sì kankan sísàlẹ̀ àwòrán. Ọ̀rẹ́ méjì ló wà nínú fíìmù náà, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú létí odò, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ìyá bi mí.

Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ti fara tì mí, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, ohun tí wọn kò ṣe rí. Mo ní, "Wọ́n ní bí ebi bá ń pa ọ̀kan, ìkejì kò ní fi nǹkan kan ẹnu."

"Ọ̀rẹ́ gidi nìyẹn," ni Ìyá wí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olówó kan tí irunmú rẹ̀ rí ṣóńṣó ń fi agbára gba ilẹ̀ abúlé wọn. Mo fi èébú tó tọ́ sí i sí i lẹ́nu, mo fi àdúrà sẹ́nu ìyá arúgbó tó ń sunkún. Bí mo bá ṣìsọ, Ìyá á rọra tún un ṣe, wọ́n á ní, "Ó yá, kí ló tún wí?" N kò rántí ìtìjú mọ́.

Olówó náà ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ sódò láti orí afárá. Ìkejì gun ẹṣin, ó fa idà yọ, ó bá àwọn jàǹdùkú olówó jà láti orí òrùlé kan dé òmíràn. Àwọn awakùsà dìde, wọ́n ń gbá àga. Ó gbé olówó ṣánlẹ̀, ó na idà sókè.

Ibẹ̀ ni fíìmù ti já. Aṣọ funfun lásán ló kù níwájú wa. Ẹni tó ń fi fíìmù hàn jáde, ó ní iná ẹ̀rọ ti jó ìparí rẹ̀, wọn yóò mú ẹ̀dà mìíràn wá, kí a padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀ láìsanwó. Ariwo sọ.

Awakùsà kan tó sígbọnlẹ̀ lẹ́yìn wa bẹ̀ mí ní pijin pé, "Màdáámù, a ti ń rí i bí ẹ ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe parí?"

Ìyá ní kí ló wí, mo sọ fún wọn.

"Sọ fún un," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ sódò yẹn kò kú o. Ṣé ẹnikẹ́ni rí òkú rẹ̀?"

Mo dìde. Mo sọ ọ́ ní pijin pé apẹja kan ló fa ọ̀rẹ́ náà jáde nínú odò, ó sáré dé, ó di ọwọ́ tó mú idà mú, ó ní, "Má fi ẹ̀jẹ̀ èyí ba ọwọ́ rẹ jẹ́."

"Ṣé wọ́n wá dá olówó sílẹ̀ ni?" ni awakùsà náà bi mí. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Mo yíjú sí Ìyá. Wọ́n rò ó díẹ̀. "Kó máa pọnmi fún gbogbo abúlé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí wọ́n sì fá irunmú yẹn."

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ bo ilé. Ọmọ jí lẹ́yìn mi, òun náà ń wò.

Ní Sátidé kejì, ọkọ mi bá wa lọ. Ọ̀rẹ́ yẹn ti kú lóòótọ́. Ìkejì pa olówó, ọgbẹ́ sì pa òun náà. Nígbà tí iná tàn, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Awakùsà wa dìde, ó fojú wá wa. "Irọ́ nìyí," ló wí. "Màdáámù, ẹ sọ tiyín." Mo tún un sọ, ọkọ mi sì ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìyàwó wálé.

"Àwọn ará Íńdíà mọ ìtàn bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá wí bí a ṣe ń lọ sílé, "wọn ò mọ̀ ọ́n parí."

Ìyá kò lọ nígbà tí wọ́n dá mọ́. Bí a bá ń ṣa ẹ̀wà, a ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ń wẹ ọmọ, a ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí Ọ̀fà tán, obìnrin aláṣọ kan láti ìlú wọn kanlẹ̀kùn wa.

"Ẹ̀yin ni ìyàwó tó gbọ́ èdè Íńdíà?" ló bi mí. Ó tú aṣọ kan tí wọ́n kọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí létí. "Ẹ bá mi ka èyí."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́."