Agolo Tí Wọ́n Ju Àmúdàtù Sí

Ọjọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1993 yìí, ni Àmúdàtù Gàníyù kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti sin ín. Ẹ̀sìn rẹ̀ kì í fi òkú falẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó kú sí náà kò falẹ̀. Kí a tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wa nù, wọ́n ti kọ ohun tó pa á sínú ìwé. Irọ́ ni wọ́n kọ.

Wọ́n ní àtọ̀gbẹ lásán ni, pé àìṣọ́ra ló sì jẹ́ kí omi gbígbóná bó o lẹ́sẹ̀. Àìṣọ́ra! Àmúdàtù kẹ̀? Ẹni tó bá ti ra bọ́tìnnì rí ní Ìdúmàgbò mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ọgọ́ta agolo mílíìkì ló tò síbẹ̀, ó sì so bọ́tìnnì kan mọ́ ara agolo kọ̀ọ̀kan níta, kí ojú má baà ṣì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n kò rí ẹni tó létò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ju bọ́tìnnì dúdú kan sínú agolo tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yọ ọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ nù. Ẹni tó ń wá a ò ní rí i mọ́ láyé."

Ikọ́ fée ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 1986. Wọ́n fún un ní hóró oògùn funfun kékeré kan. N kò bá oògùn jà; ó tú èémí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ló mọ̀ pé bí èèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè fa àtọ̀gbẹ, pé ó yẹ kí a máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ta ló yẹ ti Àmúdàtù wò? Ọdún mẹ́fà, dókítà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí káàdì: "Kọ̀ntíníù." Ká ní èmi ni mo ń kọ "kọ̀ntíníù" sí ìwé ọmọ fún ọdún mẹ́fà láìka ohun tó kọ, ṣé wọn ò ní lé mi? Àwọn wọ̀nyí, ìgbéga ni wọ́n gbà.

Nígbà tí òǹgbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ dé, nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ ọn: "Ẹ̀yin màmá Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí, ẹ ti fẹ́ràn adùn jù!" Àmúdàtù tí kì í bu ṣúgà sí ẹ̀kọ! Ó rẹ́rìn-ín fún mi: "Tíṣà, ká ní mo tiẹ̀ jẹ adùn ọ̀hún kí n tó jẹ̀bi ẹ̀."

Àtọ̀gbẹ náà wọ inú iṣan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Bàtà a bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀. Ó sọ fún wọn. Wọ́n kọ "kọ̀ntíníù". Nínú ọyẹ́ oṣù Ọ̀pẹ, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ọpọ́n omi, bóyá wọn á jí. Àlímọ̀t, àbúrò rẹ̀, wọlé, ó figbe ta:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín! Omi yẹn ń rú èéfín!"

"Èyí tó lọ́ wọ́rọ́ yìí? Mo tiẹ̀ fẹ́ ní kí o bu gbígbóná sí i."

Awọ ẹsẹ̀ ti bó. Egbò náà kò jinná títí ó fi gbé e lọ.

Mista Horatio, ọmọ Sàró kan tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́, ló wà ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn náà tí wọ́n ti ń fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣírò lọ́dọọdún kí ìjọba lè mọ ohun tó ń pa wá. Ó kọ mẹ́ta fún Àmúdàtù: ti àtọ̀gbẹ, ti iṣan tó kú, àti èyí tó sọ pé oògùn dókítà ló fà á. Ọ̀gá rẹ̀ fi bírò pupa fagi lé méjì tó kẹ́yìn. Mo lọ bá ọ̀gá náà. Táì rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tẹ́kíníkà nìyí. Nọ́ńbà kan ti tó òkú kan."

"Ṣé ẹni tó kú ló sọ fún yín pé ó tó òun?"

Ó ní òun ní mítìn-ìn.

Mista Horatio sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà, bí ẹ bá máa kọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ẹ dárúkọ mi. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìntì, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Ẹ wò ó, lọ́dún tó kọjá, iye ẹni tí oògùn fa àtọ̀gbẹ fún níbí jẹ́ òdo. Òdo, Tíṣà! Níbi tí à ń pín in bí èpà!"

Òdo ọ̀hún ló ń bà mí lẹ́rù. Ikọ́ fée ń ṣe Àlímọ̀t náà. Ojú fèrèsé kan náà ló ti ń gba hóró funfun kan náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ó fi káàdì rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbé ife omi kejì mì kí n tó kà á tán.

N kò ní kó fi oògùn sílẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Àlímọ̀t wò lọ́sẹ̀ yìí. Kí dókítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde wá sọ ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó kọ "kọ̀ntíníù". Kí oníbírò pupa dá nọ́ńbà méjèèjì padà, kó sì buwọ́ lù ú pé òun ló pa wọ́n rẹ́. Láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, orí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo máa jókòó sí. Mo ti fẹ̀yìntì, n kò níbi tí mò ń lọ. Agolo tí Àmúdàtù wà yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ tó bá a nínú rẹ̀.