Ọ̀já Àyà Ìfura

"Di orí ẹ̀ mú, Àbẹ̀kẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó jókòó."

Ìyá ìyá mi ti fa ìko tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọn àyà ajá gba abẹ́ apá ajá náà kọjá, ó ń fi àtàǹpàkò tì í kó lè dọ́gba. Òórùn awọ tútù àti èéfín igbó tí wọ́n ń sun gba gbogbo iwájú ilé wa ní Igbó-Ọrà. Ajá ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ sí mi lójú.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ṣì lè dá orúkọ wọn, títí kan ti ajá, Ìfura. Ti ìyá àgbà nìkan ni n kò ní dá. A kò pè é lójú ayé rẹ̀, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe. Òun ló ń rán ọ̀já tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ ajá láyà. Àwọn mìíràn a máa so okùn mọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n ó ní okùn ọrùn ló ń pa ajá tó bá há sínú igbó.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Ìyá Ṣàkírátù, aládùúgbò wa, ń kọjá, ó yọ ṣùtì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀, ẹ tún ń gbá ajá mọ́ra?"

Ìyá àgbà kò gbójú sókè. "Omi wà, iyẹ̀pẹ̀ wà, n ó fọwọ́ kí n tó kírun. Ìwọ tó o ti ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì láti àárọ̀, kí lo fẹ́ fi fọ ẹnu?"

Bàbá Múfútáù, ọdẹ tó ni ajá, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá àgbà tẹ ikùn ajá wò, ó sì tú ìko.

"Ìgbà wo lajá yìí jẹun?"

"Àná ni, ìyá. Ọ̀la la fẹ́ dẹ ìgbẹ́ ọ̀nà Igangan. Ajá tó bá yó kì í sáré."

"Ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni? N kì í wọn ajá tébi ń pa. Bó bá jẹun tán, ọ̀já á fún un pa."

Ojú ọdẹ le. Bí ọ̀já kò bá parí kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, Ìfura kò ní bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń ṣáájú gbogbo ajá yòókù. Ó ní òun á gbé e lọ bá oníṣẹ́ awọ Ìdèrè.

"Gbé e lọ. Má ṣáà sọ fẹ́nì kankan pé èmi ni mo rán an."

Ọdẹ ń họrí. Nígbà tó yá, ó bẹ ìyá mi fún ìyókù ẹ̀bà sààrì. Ìfura jẹ ẹ́, ó sùn. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ìyá àgbà tún un wọ̀n. Orí ìko kò dé ibi kókó tó fi ṣàmì sí i láàárọ̀ mọ́, ó kù tó àtàǹpàkò kan. Ó fi han ọdẹ. Ó wá gé awọ, ó fi òòlu lu ihò sí i, ó rán an. Nígbà tó wọ̀ ọ́ fún ajá, ó ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní kó fò, ó ní kó jókòó, kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ ṣínu ni Bàbá Múfútáù dé. Ìfura ló ṣáájú rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, amọ̀ pupa bò ó. Ó ti já sínú kànga gbígbẹ kan tí koríko bò lóko àtijọ́. Ọdẹ náà dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ilé, Ìyá Ṣàkírátù náà ń wò.

"Igi tó ní ìkọ́ lẹ́nu la ki bọ abẹ́ ọ̀já, la fi fà á jáde. Ká ní ó fún ni, ìyá, igi ì bá má ráyè wọlé. Òkú ẹ̀ ni ǹ bá gbé bọ̀."

"Ṣó ti jẹun?" ni ìyá àgbà bi í.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí i, ó ń rẹ́rìn-ín sínú abọ́. Orí mi wú lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo di ajá mú.

N kò kọ́ iṣẹ́ awọ. Síbẹ̀, nígbà tí àìsàn ti jẹ Láàsìsì ọkọ mi gbẹ, tí tẹ́lọ̀ wá wọ̀n ọ́n fún aṣọ ọdún, mo dá tẹ́lọ̀ náà dúró. Mo ní kó rán an sí ara tí ọkọ mi ní tẹ́lẹ̀. Láàsìsì kò bá wa dé ọdún. Mùbárákì, àkọ́bí wa, ló wọ aṣọ náà lọ sí yídì. Ó gún régé léjìká rẹ̀, ó sì balẹ̀ dáadáa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí ó fi yí kọ́nà. Ẹni tó bá bi mí pé ta ló rán aṣọ tó bá a mu báyìí, mo máa ń sọ fún un pé ìwọ̀n bàbá ẹ̀ ni.