Ọbẹ̀ Ṣì Kù

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ní pálọ̀. Bó ti pe "obscurantist" sókè, ṣe ni gbogbo ara mi bù máṣọ. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

Ní Ajégúnlẹ̀ ni, ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, láyé ìgbà tí a máa ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ lọ sílé ìwé bí òjò bá ti rọ̀. Èmi àti Ṣadé jọ ń gbé inú ọgbà kan, a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Orí rẹ̀ pé, èmi ni mo máa ń wo tirẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ bí ìbejì, bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ní kó dúró sílé kó máa gbọ́mọ. Wọ́n ní ìwé tó kà náà ti tó obìnrin.

Tíṣà wa, tí wọ́n fẹ́ràn gírámà ju oúnjẹ lọ, gbọ́, inú bí wọn. "Obscurantist ni bàbá yẹn!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí "ọbẹ̀ ṣì kù" la gbọ́, ebi ọ̀sán sì ti ń pa wá. Tíṣà fi ẹgba lu tábìlì, wọ́n ṣàlàyé pé inú èdè Látìn ayé àtijọ́ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, pé òkùnkùn ni gbòǹgbò rẹ̀: ẹni tó ń fi òkùnkùn bo ìmọ̀ kí ẹlòmíràn má bàa rí i. Mo há a sórí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣadé lọ pọnmi. Bàbá rẹ̀ pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀ ti wọ̀ wọ́n létí.

"Tó bá di Mọ́ńdè, ìwọ àti Ṣadé lẹ jọ máa lọ school. Wọ́n ní tíṣà yín bú mi. Kí ni wọ́n pè mí gan-an?"

Ká ní mo sọ pé "ọbẹ̀ ṣì kù" ni, à bá jọ rẹ́rìn-ín. Àṣehàn ò jẹ́.

"Wọ́n ní ẹ ń fi òkùnkùn bo ìmọ̀, sà. Látìn ni."

"Na me be òkùnkùn? Ó dáa. Ṣadé ò lọ mọ́!"

Tíṣà wá dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ sunkún, òtúbáńtẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá níwájú Ṣadé, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ kọ́ lónìí?" ló máa ń bi mí. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Kí ni mo lè ṣe? Kó tó pé ọdún kan, wọ́n kó kúrò ládùúgbò.

Lónìí, àwọn ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ ti di dókítà, wọ́n ti di lọ́yà, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ṣadé gbà pé bàbá òun ò fẹ́ kóun kàwé rárá. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ kóun padà sílé ìwé. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, mi ò sì sọ ọ́ fún un títí wọ́n fi kó lọ.