Adìẹ Àlejò Lẹ́yìnkùlé Ẹ̀gbẹ́dá

Òórùn kẹrosíìnì àti ìgbẹ́ adìẹ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ilé ìdáná wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Owó epo rọ̀bì ti dé ìgboro nígbà yẹn, ilé tuntun ń hù bí olú, bíríkìlà sì ni ọkọ mi. Ó mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, màmá mi sì fún mi ní àgbébọ̀ pupa kan. Ọkọ mi á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi àti adìẹ yẹn nìkan la máa ń kù láàárín àwọn ayálégbé tó kù.

Mo fi àkísà so ó mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ títí tó fi máa mọlé, bí a ṣe ń ṣe fún adìẹ àlejò. Àwọn adìẹ ilé ń ṣá a lórí títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí. Ibi tí mo bá gbé sítóòfù mi sí, Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó tíṣà ará Èkìtì, á ní, “Ìyàwó, ibẹ̀ yẹn lólóhun o!” Kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í dé, ti Ìyá Ràṣídì ni, ayálégbé àkọ́kọ́ nínú ilé náà. Ìta ni mò ń dáná, atẹ́gùn ń pa iná, oúnjẹ ọkọ mi kì í jinná bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo tú adìẹ náà sílẹ̀ kó lè rí ibi sá sí. Adìẹ dúdú Ìyá Ràṣídì lé e wọ inú gọ́tà. Mo fa igi yọ.

“Ju igi yẹn sílẹ̀!” Ìyá Ràṣídì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Tún un so. Tó bá ti mọ ẹni tó jù ú lọ, wọ́n á jọ máa jẹun.”

“Ṣé èmi náà lẹ fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni, mà?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu ẹ mú ṣá! Ṣé o ti fi ẹnu yẹn wá kí mi ní yàrá mi látìgbà tí o ti dé?”

Òótọ́ ni. Lánlọ́ọ̀dù nìkan ni mo lọ kí.

Mo tún adìẹ náà so. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ràṣídì, mo sì pọn omi sí ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìdáná, ó fẹsẹ̀ ti sítóòfù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbé tìẹ wá, jàre.” Ìyá Fẹ́mi kàn lanu ni.

Èmi àti Ìyá Ràṣídì jọ dáná níbẹ̀ títí irun àwa méjèèjì fi funfun. Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá yìí la sin ín. Àwọn tó kù ti kó lọ, ọkọ mi náà ti dolóògbé. Gbogbo ilé ìdáná ti di tèmi, kò sẹ́ni tó máa ní kí n sún. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tí mò ń wá níbẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe ibi tí mo máa gbé sítóòfù sí, ẹnì kan tó máa mọ̀ bóyá mo dáná lójúmọ́ ni.