Igbe tí Taprandich Kọ́ Wọn

Bí ẹ bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tí ẹ sì béèrè Taprandich, kò sí ẹni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀ nísinsìnyí kò dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n á ní, "Ìyá tó kọ́ àwọn ọmọ ní 'Mwizi' yẹn?" Wọ́n á wá mi orí. Èmi ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ilé mi àti ilé rẹ̀ fara kan ara láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú, mo sì mọ ohun tí obìnrin náà ń wá kó tó kó sínú ohun tó kó sí. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n ní.

Alábòójútó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni Taprandich tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ki ni, ohùn rẹ̀ sì ki jù ú lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rárá. Bó bá ní kí n wá mu tíì, títí dé ẹnu géètì ni wọn yóò ti mọ̀ pé tíì ti jinná nílé Taprandich. Ọkọ rẹ̀ kú láìbímọ fún un, kò sì fi ìyẹn sunkún lójú wa. Ó máa ń sọ pé àwọn ọmọ tó ti sùn lábẹ́ òun ju ti ìyàwó ọba lọ, pé àwọn tó ti di olùkọ́ nínú wọn kò ṣe é kà mọ́.

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ilé ìjẹun wa tó la oko tíì já sí títì ọlọ́dà. Ní ọdún kan tí òjò pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan tó ń jẹ́ Jerotich, tí ẹnì kan ti fún lọ́rùn. Wọn kò rí ẹni náà títí di òní. Ohun tó jẹ Taprandich lọ́kàn jù ni pé ọmọ náà ké. Ó ké títí. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ tó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!" Taprandich lọ bá wọn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò jáde. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wolẹ̀, ó ní, "Màmá, a rò pé òun àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló ń jà ni."

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́. A lè jókòó ti ugali, òkèlè àgbàdo wa, àti ẹ̀fọ́, kí ó kàn gbé ọwọ́ dúró. "Wọ́n rò pé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ni, Nọ́ọ̀sì." Èmi á ní kó jẹun. Àwa méjèèjì lọ wẹ òkú ọmọ náà, àmọ́ òun ló wẹ ọrùn rẹ̀. Mi ò lè ṣe é.

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wá fi í ṣe olórí ètò ààbò. Lójú tèmi, ó fẹ́ fi ipò dí i lẹ́nu ni. Taprandich gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó gbé garawa iyanrìn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo nítorí iná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀. Ó kan pátákó mọ́ igi ńlá tó wà níwájú ilé ìkàwé, pé ibẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn sá lọ bí pàjáwìrì bá dé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn olólùfẹ́ ti sọ abẹ́ igi náà di tiwọn. Ó lé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan sì dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọ̀rọ̀ tiwa náà ti di pàjáwìrì." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó mọ ẹ̀fẹ̀, ẹ má rò pé kò mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ kò fi igbe ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí àwọn ọmọ tuntun bá ti dé, yóò kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn, yóò sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ké. Mo máa ń lọ jókòó lẹ́yìn láti gbọ́ ọ.

"Ìwọ tó o wọ súwẹ́tà pupa yẹn, dìde. Bí ẹnì kan bá dì ọ́ mú nínú oko tíì, kí lo máa ké?"

"Ẹ gbà mí o!"

"O ti kú nìyẹn. Jókòó. Ìwọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó o bá gbọ́ 'ẹ gbà mí' lẹ́yìn wíńdò rẹ, ṣé wàá jáde?"

"Màmá, n ó... n ó kọ́kọ́ yọjú wò ná."

"Ẹ gbọ́ o, ó máa yọjú! Kí Ọlọ́run fún ẹ ní ọrùn gígùn." Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Yóò jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Ẹ tẹ́tí sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń jáde fún 'ẹ gbà mí' mọ́. Wọ́n á ní tọkọtaya ló ń jà, wọ́n á ní ọ̀mùtí ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ènìyàn kúrò nídìí oúnjẹ nílẹ̀ wa yìí. Mwizi! Olè! Bó o bá ké Mwizi, arọ á sáré, ẹni tó ń wẹ̀ á jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára. Ó yá, ẹ ké e kí n gbọ́."

"Mwizi!"

"Ẹ ò tíì jẹun ni?"

"MWIZI!"

Páànù orí gbọ̀ngàn á gbọ̀n. Ojú rẹ̀ á wá rọ̀, bí ti ẹni tí ara ń tù.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ kan lójú ọ̀nà yẹn, ọmọ náà pa igbe, gbogbo ayé sì tú jáde, wọ́n lu ọkùnrin náà bolẹ̀. Èmi ni mo rán ojú ọgbẹ́ orí olè náà. Ọmọdé ni, eyín rẹ̀ ti wọlé sí ètè. Nígbà tí mo délé, mo lọ bá Taprandich.

"Taprandich, igbe yìí kò létí o. Bó o bá ti rán an jáde, kò ní gbọ́ bó o bá ní kó padà."

"Nọ́ọ̀sì, orí olè lo rán. Èmi wẹ ọrùn Jerotich."

Mo dìde, mo lọ sílé mi. Bóyá ó yẹ kí n dúró kí n bá a jiyàn.

Baba kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì wa, Arap Sigilai lorúkọ rẹ̀. Òun ni Taprandich fi ṣe ẹni tí yóò máa sin àwọn ọmọbìnrin la oko tíì kọjá ní ìdájí, nígbà tí wọ́n bá ń lọ wọ mọ́tò sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Baba náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ràn màálù rẹ̀ náà, ìyẹn ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Láti ilé ìjẹun títí dé títì, ọ̀rọ̀ màálù ni: èyí tó ń tani nípàá, èyí tí wàrà rẹ̀ dára jù fún mursik, wàrà kíkan tiwa, èyí tí ìyá rẹ̀ lójú kòkòrò. Àwọn ọmọbìnrin wá fẹjọ́ sùn.

"Màmá, wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó Baba géètì!"

"Màálù mi ní làákàyè jù yín lọ," ni Arap Sigilai wí. "Wọn kì í sá fún ẹni tó ń dáàbò bò wọ́n."

Taprandich rẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹjọ́ náà. "Baba, ẹ máa tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Bí wọ́n bá rìn, kí ẹ rìn. Bí wọ́n bá dúró, kí ẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín."

"Bíi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀?"

"Bíi áńgẹ́lì."

"Áńgẹ́lì tó ní làkúrègbé," ni baba náà wí, ó sì gba àṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ pé Arap Sigilai ni ẹsẹ̀ tó ń dún lẹ́yìn wọn. Nígbà tó di pé àwọn ọmọ tuntun mìíràn dé, baba náà wà ní abúlé rẹ̀, nítorí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá. Taprandich kọ́ àwọn ọmọ ní igbe, ó kọ́ wọn dáadáa. Kò rántí sọ fún wọn nípa áńgẹ́lì.

Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Nekoye, ọmọ apá Bungoma, tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ tí Arap Sigilai padà sẹ́nu iṣẹ́, ìkùukùu bo gbogbo oko tíì. Nekoye nìkan ló ń lọ. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Òun dúró, ẹsẹ̀ náà dúró. Òun rìn, ó rìn. Òun yára, ó yára. Kí ni ọmọ náà ì bá ṣe? Ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe.

Èmi àti Taprandich ń mu tíì ní ilé ìdáná rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ọ.

"Mwizi! Mwizi o!"

Taprandich fò dìde. Mo rí ojú rẹ̀ dáadáa, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láé: inú rẹ̀ dùn. "O gbọ́ wọn? O gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde? Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti mọ̀ ọ́n!" Ìlẹ̀kùn ń dún gbà-gbà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin. Àwọn ọlọ́kadà sọ ọ̀kadà wọn sílẹ̀ ní títì, àwọn tó ń já ewé tíì ju apẹ̀rẹ̀ dànù, gbogbo wọn forí lé ibẹ̀. Taprandich sáré pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpótí ìwòsàn mi.

Nígbà tí a fi dé ibẹ̀, òkò ti tán nílẹ̀. Àwọn èèyàn dúró yíká, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Taprandich ń fọwọ́ tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì, ó ń ké pé, "Ọmọ náà dà? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?" Kò sí nǹkan tó ṣe Nekoye. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Taprandich gbá a mọ́ra, ó ń dúpẹ́. Láti orí èjìká ọmọ náà ló ti rí kóòtù ẹ̀ṣọ́ wa nínú ẹrẹ̀, èyí tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ gán bọ́tìnnì sí.

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn Arap Sigilai. Ó ti kú, kò sí ọgbẹ́ tí mo lè rán mọ́.

Ọlọ́pàá wá. Gbogbo ènìyàn ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ òkò. Ọ̀gá àgbà ní àṣìṣe tó bani nínú jẹ́ ni, pé kò sí ẹni tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bàbá Nekoye wá mú ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì padà wá. Ẹyin ni ohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, inú sì ń bí mi sí ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ èmi náà ló ń lọ sùn nílé rẹ̀ kí ó má baà dá nìkan wà.

Ìyàwó Arap Sigilai wá gbé òkú ọkọ rẹ̀. Ìyá náà kò tíì gbádùn tán, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ibẹ̀. Nígbà tí ó dúró lójú ọ̀nà yẹn, ó wo ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin, ó wo títì, ó ní:

"Kò jìnnà síra. Ọkọ mi sì lóhùn. Ó máa ń pe màálù láti òdìkejì odò, wọ́n á gbọ́. Ṣé kò ké ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé wa ló dáhùn. Ó rọra sọ ọ́. "Ó ké, Màmá. Ó ń sọ pé 'Ẹ gbà mí o.'"

Ìyá náà yíjú sí Taprandich, nítorí òun ló dàgbà jù nínú wa. "Kí ló wá dé tí ẹ kò gbà á?"

Kò fi bú u. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Taprandich jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

A gbà pé yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun tún dé, ọ̀gá àgbà sì ní kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó lẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ garawa iyanrìn. Ó sọ̀rọ̀ igi ìpàdé, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbọ́ nípa igi náà. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀ṣọ́ yóò máa bá wọn rìn, pé kí wọ́n mọ ojú rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ ohun tó bá wù ú. Kò dárúkọ igbe, ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Ọmọbìnrin kan dìde ní iwájú, ọmọ kékeré tó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní ẹ máa ń kọ́ èèyàn ní ohun tó yẹ ká ké. Bí ẹnì kan bá dì mí mú, kí ni kí n ké?"

Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn, wọ́n ń dúró. Taprandich la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá, mo rí i pé ètè rẹ̀ mì, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Màmá," ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "a ò gbọ́ yín níbí o."

Kò tún un sọ.