Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Dé Etí Rahama

Tí èèyàn bá sín ní àdúgbò Moshie Zongo, kó tó nu imú, ará Sagnarigu lẹ́yìn ìlú á ti kí i kú ewu. Ìròyìn kì í sùn níbẹ̀. Síbẹ̀ Abdul-Karim, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tamale níbẹ̀ ní Ghana, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà, fi ọ̀rọ̀ kan sínú tí Rahama ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́: kòkòrò HIV wà lára rẹ̀.

Inú àpótí sípánà ló ń kó oògùn rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, á gbé e mì. Ara rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé tí kẹ̀kẹ́ bá kọlù ú, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa gbé lọ sí ọsibítù.

Ààwẹ̀ dé. Oògùn ọ̀sán ò ṣeé lò mọ́. Nílé wọn, àwo kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí ń tọwọ́ bọ̀ ní sààrì àti ní ìṣínu; tí òkèlè rẹ bá kéré, Ìyá Àgbà á bi ọ́ pé ta ló ṣẹ̀ ọ́. Níbo ni yóò ti lo oògùn? Ó ní kí ààwẹ̀ parí ná. Ààwẹ̀ parí, ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, ó ní òun ti sàn.

Ọyẹ́ dé, ikọ́ bá a dé. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti jẹ́wọ́ fún Rahama.

“Ìyá Bùshrà, ojú ló tì mí.”

“Bàbá Bùshrà, èmi tí mo máa ń mọ ohun tí lèmámù fẹ́ jẹ kí ìyàwó rẹ̀ tó sè é, èmi lẹ fi èyí pamọ́ fún?”

Abdul-Karim rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Rahama wò, kò sí kòkòrò níbẹ̀. Oògùn inú àpótí sípánà ló dáàbò bò ó ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń lò ó; lẹ́yìn ìyẹn, orí ló yọ ọ́.

Nafisa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ṣàlàyé fún un. “Màmá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń ṣọ́ ara wa. Tí ọ̀tá bá wọlé, wọ́n á fara kanra láti ta ara wọn lólobó. Ibi tí wọ́n ti fara kanra yẹn ni kòkòrò náà ń gbà kọjá sínú ìkejì, àfi bí ìròyìn Zongo. Oògùn ló ń dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí Bàbá ò lò ó mọ́, ó ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn, ó ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́.”

“Tó bá ti lò ó ní sààrì ńkọ́?”

“Kò ní ba ààwẹ̀ jẹ́. À bá ti yí àkókò rẹ̀ padà fún un, ká ní ó béèrè.”

Rahama fẹ̀yìn ti ògiri. “Ṣebí èmi ni mò ń ro tùwó. Ǹ bá fi í sínú òkèlè rẹ̀.”

Abdul-Karim ò rí ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní sààrì àkọ́kọ́, gbogbo ọwọ́ tún wọ inú àwo. Rahama mú òkèlè kan, ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó rọra gbé e sí ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń tọwọ́ bọ̀. Ìyá Àgbà rí i.

Kò bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́.